Sàréè Tó Wà Lẹ́yìn Ilé Tí A Rà ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n ròyìn ohun tójú mi rí lọ́dún tí èmi àti ọkọ mi ra ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Tí mo bá ti rántí báyìí, ẹ̀rín ni màá máa rín títí omi á fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n lásìkò tó ń ṣẹlẹ̀, háà! Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wa.

Orí màmá mi ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, torí pé tìtorí wọn la ṣe wá ilé.

Yàrá méjì la háyà ní Láfíàjí nígbà yẹn: èmi, ọkọ mi, ọmọ mẹ́ta, àti màmá mi. Ilé oníbọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà l'Ékòó láyé ìgbà náà, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Garawa lábẹ́ pákó, èèyàn á lóṣòó lé e, àwọn agbépòó á wá gbé e lọ. Orúnkún màmá mi sì ti kọṣẹ́. Tí wọ́n bá lóṣòó, wọn ò lè dá dìde mọ́, àfi ká wá ẹni méjì fà wọ́n sókè. Ìyá tó fi àdìrẹ títà rán mi níléèwé, òun ni wọ́n ń fà dìde nílé ìgbọ̀nsẹ̀ lójú àwọn ayálégbé! Ó dùn mí wọra.

Mo bá búra. Mo ní ilé yòówù tí mo bá máa rà láyé, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí màmá mi á ti jókòó bí ẹni jókòó sórí àga. Wọ́tà sísítẹ̀ẹ̀mù! Kéèyàn fa ṣéènì, kómi dà wàà, kó tán.

Aránṣọ ni mí, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí CMS, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọléèwé ni mo máa ń rán jù. Bàbá Bọ́lá, ọkọ mi, akọ̀wé lọ́ọ́yà ni ní Igbóṣéèrè. Ọkùnrin yẹn fẹ́ràn ìwé ju oúnjẹ lọ. Tẹ́ ẹ bá fún un ní rìsíìtì ẹran, á kà á lẹ́ẹ̀mejì, á tún wo ẹ̀yìn rẹ̀. A dá èésú fún ọdún mẹ́jọ, a sì rí ilé kan rà, lásìkò tí ẹnu wa ò tíì mọ́ náírà, tá a ṣì ń ṣì í pè ní pọ́n-ùn.

Ilé náà rẹwà o! Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, fèrèsé onípákó, kànga lẹ́yìnkùlé. Ìdílé àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí kan ló ni ín. Àwọn ọmọ ti kó lọ sí Súrùlérè àti Múṣin, kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́. Alhaji Rájí ni olórí ẹbí. Ó ti lé díẹ̀ láàádọ́ta ọdún, ọkùnrin gíga tó máa ń wọ aṣọ funfun, ohùn rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n kì í rẹ́rìn-ín. Mo dẹ́rìn-ín pa á títí lọ́jọ́ yẹn, kò tiẹ̀ fi eyín kan hàn mí.

Lọ́jọ́ tá a lọ wo ilé, ọkọ mi ń ka ìwé ilẹ̀, èmi ń ka yàrá. Màmá mi ní tiwọn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n kọrí sí. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó lé e, wọ́n fa ṣéènì, omi dà wàà! Wọ́n bú sẹ́rìn-ín níbẹ̀. Nígbà tí mo kanlẹ̀kùn, wọ́n ní kí n fi àwọn sílẹ̀, àwọn ṣì ń wò ó. Ta ló tún fẹ́ wo òmíràn lẹ́yìn ìyẹn?

Ohun kan ló wà níbẹ̀ ṣá. Lẹ́yìnkùlé, lápá ọ̀tún kànga, sàréè kan wà. Wọ́n lẹ tàìsì funfun sí i lórí, wọ́n wá fi irin kúkúrú ṣe ọgbà yí i ká. Alhaji bọ́ bàtà kó tó dé ibẹ̀. Ó ní bàbá àwọn rè é, àti pé lọ́dọọdún, lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, gbogbo ẹbí máa ń wá ṣàdúà fún wọn níbẹ̀, àwọn ò sì ní í jáwọ́ ńbẹ̀ bí àwọn tilẹ̀ ta ilé.

Ìyẹn ò jẹ́ tuntun sí wa. Ilé mélòó ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni kò ní àgbà kan tó sùn sẹ́yìnkùlé? Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ẹni tí òkú rẹ̀ bá wà nínú ilé, kò tíì ta ilé yẹn tán. Bàbá Bọ́lá ní kò séwu. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan sàréè, pé tá a bá fọwọ́ kàn án, ẹbí láṣẹ láti gba ilé wọn padà. Ó tún fi rúlà fàlà sí i nídìí! Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, kí la fẹ́ fi sàréè onísàréè ṣe?"

Ẹ gbà mí o.

A kó wọlé. Ayọ̀ wa ò ṣe é fẹnu sọ! Màmá mi á jí láàárọ̀, wọ́n á kó ìwé orin àti ìgò omi wọn, wọ́n á wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sóde. Wọ́n á jáde, ojú wọn á máa dán. Wọ́n sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ àwọn ti gbé àwọn gorí àga.

Ní oṣù kẹta tá a débẹ̀, òjò dé.

Ọjọ́ kìn-ín-ní, omi ò tètè lọ. Ọjọ́ kejì, ó ń hó gúlúgúlú bí ọbẹ̀. Ọjọ́ kẹta, ohun tá a rán lọ tún padà wá kí wa. Òórùn bo ilé, ó fo ògiri, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò. Ìyá kan tó ń ta bùrẹ́dì lójúde wa gbé tábìlì rẹ̀, ó sún un síwájú, ó tún sún un. Kò bá mi jà, ó kàn ń wò mí.

Ta ló wá lọ pe wolé-wolé? Mi ò mọ̀, mi ò sì wádìí. Àfi bá a ṣe rí i lójijì, kákí lọ́rùn, ìwé lọ́wọ́. Ó wo inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sáré jáde. Ó fún wa ní ọjọ́ méje: ká tún un ṣe, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á ti ilé pa, á sì gbé wa lọ sí kóòtù ní Igbóṣéèrè.

Bàbá Bọ́lá gbọ́wọ́ lérí. Ó ní, "Igbóṣéèrè? Níbi tí gbogbo wọn ti mọ̀ mí? Lórí ìgbẹ́?"

Mo sáré lọ sí Pópó Àgùdà, mo lọ pe Pàpá Fílípì. Bíríkìlà àgbà ni, bàbá rẹ̀ ṣe bíríkìlà, bàbá bàbá rẹ̀ náà ṣe é. Ó dé, ó wò yí ká, ó wá bi wá ní ìbéèrè tó yẹ ká ti bi ara wa ká tó sanwó. Ó ní níbo ni sọ́káwéè wà, kòtò tí ìgbẹ́ ń ṣàn sí?

Mo wo ọkọ mi. Ọkọ mi wò mí. Ó wọlé lọ kó ìwé ilé jáde! Ó ń ṣí i lójú ewé lójú ewé. Pàpá Fílípì ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun, ìgbẹ́ kì í sí nínú ìwé. Ẹ fún mi ní ṣọ́bìrì."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, ó ń tọ páìpù lọ. Páìpù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ó yà sọ́tùn-ún. Ó ń lọ, a ń tẹ̀ lé e. Nígbà tó kù bí ẹsẹ̀ bàtà méjì kó dé ọgbà onírin yẹn, Pàpá Fílípì dúró. Ó ṣí fìlà. Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, ọ̀dọ̀ Bàbá ni páìpù yìí ń lọ o."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé bíríkìlà ayé àtijọ́ kan ti ṣìṣe, ó ti fi páìpù gba abẹ́ sàréè, àwa sì ti ń da tiwa sórí bàbá onílé láti oṣù mẹ́ta! Háà! Kí la fẹ́ sọ? Báwo lèèyàn ṣe ń tọrọ àforíjì irú ẹ̀?

Màmá mi gbọ́ láti òkè. Wọ́n ní àwọn ò ní í jókòó sórí nǹkan náà mọ́ láéláé. Wọ́n ní, "Òkú olókùú! Ẹ wo ìyà tí mo fi jẹ òkú olókùú!" Wọ́n fa àpótí wọn jáde, wọ́n ń ká aṣọ. Wọ́n ní àwọn ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ẹ̀pẹ́, ṣálángá lásán ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò sin ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní àwọn á dúró di ọjọ́ keje tí wolé-wolé dá. Tí kò bá lójú, Ẹ̀pẹ́ yá.

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà. A gbéra, ó di Súrùlérè lọ́dọ̀ Alhaji Rájí. A kí wọn dáadáa, a ṣàlàyé. Alhaji tẹ́tí títí a fi sọ tán, ó wá fi ohùn tútù yẹn sọ pé a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bàbá àwọn. Pé àdéhùn wà. Mo wo akọ̀wé lọ́ọ́yà mi, ilẹ̀ ló ń wò. Ta ló fẹ́ bá ẹni tó fi rúlà fàlà sí i nídìí jà?

Mo ní kí Alhaji jẹ́ ká gbẹ́ sọ́káwéè tuntun síbòmíràn nígbà náà. Ṣé ibòmíràn wà ni? Ẹ̀yìnkùlé yẹn ò ju ẹní méjì lọ, kànga gba ọ̀kan, Bàbá gba ọ̀kan.

Inú wá bí mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé tínú bá bí mi, ẹnu mi kì í dúró gba àṣẹ. Mo ní, "Alhaji, ẹ má bínú o, lọ́jọ́ tí wọ́n sin Bàbá, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

Ó ní ọmọ ọdún mẹ́rin lòun nígbà yẹn. Mo ní ta ló wá wà níbẹ̀? Ó ní gbogbo wọn ti kú tán, ó ku àbúrò Bàbá kan ṣoṣo, Màmá Àbẹ̀kẹ́, tí wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Òkè-Pópó. Ó ní àgbà ti ń dà wọ́n lọ́kàn rú. Mo ní ká lọ bá àgbà yẹn bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, èmi, ọkọ mi àti Alhaji, a kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀ níwájú Màmá Àbẹ̀kẹ́. Ìyá kékeré, wọ́n rí tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, ojú wọn sì mú. Alhaji ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá àwọn sọ bí wọ́n ṣe sin Bàbá sẹ́yìnkùlé.

Ìyá wò ó. Wọ́n ní, "Ẹ̀yìnkùlé wo?"

Alhaji ní, "Ẹ̀yìnkùlé wa, Màmá. Níbi tá a ti máa ń ṣàdúà lọ́dọọdún."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyá yìí rẹ́rìn-ín! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́, ọmọ wọn sáré gbómi wá. Nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun wọn là, wọ́n ní Mẹ́kà lẹ̀gbọ́n àwọn kú sí! Wọ́n ní ó gba ọ̀nà ilẹ̀ Hausa lọ, ó débẹ̀, ó ṣe Hájì tán, àìsàn mú un, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Àwọn tí wọ́n jọ lọ ló mú tẹ̀sùbáà rẹ̀ bọ̀ wálé.

Alhaji ní, "Kí ló wá wà lábẹ́ tàìsì yẹn, Màmá?"

Wọ́n ní, "Ìgbẹ́ ni, Rájí."

Wọ́n ṣàlàyé. Bàbá ló kọ́kọ́ ṣe wọ́tà sísítẹ̀ẹ̀mù ládùúgbò yẹn, àwọn èèyàn máa ń wá wò ó bí ìran. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi tàìsì lé ìdérí sọ́káwéè, ó fi irin yí i ká kí ewúrẹ́ má baà gùn ún. Àwọn ọmọ ò jẹ́ kó sinmi, wọ́n á máa fò lórí rẹ̀. Ló bá sọ fún wọn pé bàbá ńlá kan ló sùn síbẹ̀, ẹni tó bá fò lórí rẹ̀, á fà á lẹ́sẹ̀ wọlé. Kò pẹ́ sí i ló rìnrìn àjò tí kò bọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ dàgbà, wọ́n da ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀.

Alhaji ní kí ló dé tí Màmá ò fi sọ, láti gbogbo ọdún yìí? Ìyá ní ta ló bi àwọn? Wọ́n ní àwọn rò pé torí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sẹ́yìnkùlé ni wọ́n ṣe máa ń jókòó síbẹ̀ ṣàdúà. Àti pé mósà tí wọ́n máa ń dín lọ́jọ́ náà máa ń dùn.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo bu ahọ́n jẹ. Alhaji ò gbà. Ó ní Màmá ti dàgbà, ọ̀rọ̀ ti ń ṣì wọ́n lẹ́nu. Ìyá ní kí wọ́n ṣí i wò nígbà náà. Wọ́n ní tí wọ́n bá rí egungun ìka kan ṣoṣo níbẹ̀, kí wọ́n sin àwọn tì í.

Bá a ṣe ṣe é nìyẹn o. Alhaji ní òun gbà kí wọ́n ṣí i, lójú gbogbo ẹbí, lójú Ààfáà. Tó bá jẹ́ sọ́káwéè, ká ṣe ohun tó wù wá. Tó bá jẹ́ pé Bàbá ló wà níbẹ̀, àwọn á tún wọn sin, àwa á sì kó ẹrù wa kúrò nínú ilé. Ọkọ mi wò mí. Ọdún mẹ́jọ la fi dá èésú yẹn. Mo ní a gbà.

Ọjọ́ kẹfà, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ẹbí dé. Aṣọ funfun lọ súà! Wọ́n kó àlà tuntun dání, èyí tí wọ́n máa fi di egungun. Ààfáà ń ké Kùránì jẹ́jẹ́. Àwọn aládùúgbò kún orí ògiri, wọ́n kún ojú fèrèsé, ìyá oníbùrẹ́dì náà wà níbẹ̀. Bàbá Bọ́lá di àdéhùn mọ́ àyà. Màmá mi wà lójú fèrèsé òkè, àpótí wọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Pàpá Fílípì ti irin bọ abẹ́ sìmẹ́ńtì. Ó tì í. Kò mì. Ó tutọ́ sọ́wọ́, ó tún tì í. Mo dijú. Mo ń sọ nínú mi pé, Olúwa, jọ̀ọ́, kó jẹ́ ìgbẹ́. Ẹ wo àdúrà tí ọmọ ìjọ ń gbà! Olúwa, kó ṣáà jẹ́ ìgbẹ́.

Mo gbọ́ kẹ̀ẹ̀. Ìdérí gbéra.

Kò sẹ́ni tó ní láti wo inú rẹ̀! Òórùn náà ló jẹ́rìí fúnra rẹ̀. Ààfáà ló kọ́kọ́ sá, ó kó bàtà lọ́wọ́, ó fo kòtò páìpù bí ọmọ ogún ọdún. Ẹbí tẹ̀ lé e, gbogbo wọn ń fún ara wọn mọ́ ẹnu ọ̀nà, àlà tuntun bọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó padà mú un. Àwọn tó wà lórí ògiri ń já bọ́ sẹ́yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èmi ńkọ́? Ijó ni mo bọ́ sí! Mo ń fò sókè, mo ń pariwo, "Ìgbẹ́ ni o! Ẹ̀yin ará àdúgbò, ìgbẹ́ ni!" Mo dì mọ́ Pàpá Fílípì, ó ní kí n rọra, kí n má ti òun sínú rẹ̀.

Màmá mi ké láti òkè, wọ́n ní ṣé kò sí egungun? Mo ní kò sí! Wọ́n ní ṣé ó dá mi lójú? Mo ní ó dá mi lójú, Màmá! Wọ́n ní, "Ọlọ́run ṣeun! Ẹ tètè tún un ṣe o, mo ti ń mú un mọ́ra láti àná!"

Nígbà tí mo yíjú, Alhaji Rájí nìkan ló kù níbẹ̀. Kò sá. Ó fi áńkáṣífì bo imú, ó ń wo inú kòtò. Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, ìgbàkígbà tí nǹkan bá le fún mi, ibí ni mo máa ń wá. Mo máa ń bá Bàbá sọ ọ́."

Ijó kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Èèyàn tí kò mọ ojú bàbá rẹ̀, tí ó ní ibì kan ṣoṣo tó lè bá a sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ tù ú nínú.

Ààfáà ló gbà mí. Ó yọjú láti ẹnu ọ̀nà, kò súnmọ́ wa, ó ní, "Alhaji, àdúà ò ṣìnà. Ọlọ́run tẹ́ ẹ ké pè mọ ibi tí bàbá yín wà. Ilẹ̀ mímọ́ ni wọ́n sùn sí, ẹ dúpẹ́!"

Mo rí i tí èjìká Alhaji ń mì. Mo rò pé ó ń sunkún. Mo súnmọ́ ọn kí n rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, àṣé ẹ̀rín ni! Ọkùnrin tí kò fi eyín hàn mí rí! Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run, ó ń sọ pé Mẹ́kà, Mẹ́kà ni Bàbá mi wà.

Nígbà tó nu ojú tán, ó na ọwọ́ sí ọkọ mi. Ó gba àdéhùn, ó gba gègé, ó wá fọwọ́ ara rẹ̀ fagi lé ọ̀rọ̀ sàréè látòkè délẹ̀. Ó ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹbí wa ò ní òkú kankan nínú ilé yìí. Títí di òní, ẹ kàn ń bá wa gbé ni. Wàyí o, ilé yín ni."

Ọkọ mi kọ́kọ́ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló jókòó sétí kànga, tó bú sẹ́kún.

Ó yẹ kẹ́ ẹ lóye rẹ̀. Owó wa ra pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ra kànga, ó ra fèrèsé. Ṣùgbọ́n kì bá tí lè ra ilé yẹn tán láéláé. Ìgbẹ́ ló bá wa rà á tán! Nígbà tí wolé-wolé dé lọ́jọ́ keje, ọkọ̀ tó ń fa sọ́káwéè ti wà lójúde, Pàpá Fílípì ti ń po sìmẹ́ńtì, àpótí màmá mi sì ti padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n tún lò pẹ̀lú wa níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fà wọ́n dìde mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé: tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ilé, ẹ ka ìwé, ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ wá ìyá tó dàgbà jù nínú ẹbí onílé lọ, ẹ fi ìbéèrè síwájú wọn, ẹ má tijú: níbo ni ìgbẹ́ ń lọ? Àgbà tí a kò bá bi léèrè, mósà ni yóò máa jẹ.

Ó yá, ẹ̀yin náà. Kí lẹ bá nínú ilé tẹ́ ẹ rà, tí onílé ò sọ fún yín? Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Tiyín ò lè rùn ju tèmi lọ!